Ọwọ́ Nazareno Kì Í Gbàgbé

Nígbà tí a kọ́kọ́ rí Nazareno Bertolazzi, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ẹ má gbé e gba ibòmíràn. Ọjọ́ náà ló ṣí ṣọ́ọ̀bù mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní igun tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Villa Urquiza ní Buenos Aires, ó sì nà gbalaja sínú fèrèsé gíláàsì, tòun ti kóòtù àti táì. Ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó mu ọmú yó, kí gbogbo èrò tó ń bọ́ láti inú ọkọ̀ lè rí bí mátírẹ́ẹ̀sì náà ṣe tuni lára tó. Zulema ìyàwó rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń pín ìwé ìpolówó. Ojú ń ti Zulema. Ojú kò ti ọkọ rẹ̀. A ní kí a dúró títí ojú yóò fi tì í. Ọdún méjìlélógún ti kọjá, a ṣì dúró.

Nazareno! Arẹwà ojú irin! Ọkọ Zulema, àti ọkọ ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín sí i! Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ dúdú ju ìdí ìkòkò lọ, nítorí gbogbo Sátidé ló ń pa á láró. Ó máa ń so aṣọ ọrùn sílíkì mọ́ ọrùn nínú ooru oṣù kìíní, nígbà tí ajá pàápàá ń wá ibòòji kiri. Bí ó bá ń kọjá níwájú gíláàsì, á kọ́kọ́ kí ara rẹ̀, kí ó tó wá kí aládùúgbò.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ohun kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ẹgbẹ́ àdúgbò wa, òun ni ó ń bu omi gbígbóná sí igbá máté, ewé kíkorò tí à ń fi ọ̀pá kékeré fà mu, nígbà tí igbá bá ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnì kan á fa tirẹ̀ tán, á dá igbá padà, Nazareno á tún bu omi sí i fún ẹni tó kàn. Ẹni tó bá dá a padà láìsọ̀rọ̀, ó ṣì ń mu nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé “o ṣé,” ó parí nìyẹn, wọn kò ní bu fún un mọ́. Nazareno mọ bí oníkálukú ṣe ń mu tirẹ̀. Don Evaristo tí etí rẹ̀ ti di fẹ́ kí omi gbóná bí iná. Coca tó ni ilé búrẹ́dì fẹ́ kí igbá kún dé ẹnu.

“Ẹ má sọ fún mi,” ni ó máa ń wí, á sì na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni ń fi ohun ọ̀ṣọ́ han àwọn olùrà. “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo nílò. Orí lè gbàgbé, ọwọ́ mi kì í gbàgbé.”

Ṣùgbọ́n ní ti ṣúgà, kíkorò ni gbogbo wa ń mu ún ní ẹgbẹ́, Nazareno ló sì ń pariwo jù lórí ọ̀rọ̀ náà. “Ṣúgà nínú máté?” ni ó máa ń wí. “Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan adùn, kó lọ ra bisikíìtì!”

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, Zulema wọ ilé búrẹ́dì Coca ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ìlà sì dákẹ́ lójijì. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Gbogbo wa ń wo búrẹ́dì bí ẹni pé a kò rí ìyẹ̀fun rí. Kí ó tó délé, ó ti mọ ohun tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ fún oṣù mẹ́jọ: ọkọ rẹ̀ àti Susana tó ń ta lọ́tìrì jọ ń ṣeré tí kì í ṣe ti lọ́tìrì.

Ó di ẹrù Nazareno sínú báàgì méjì, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Nazareno gbọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ lọ. Màmá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin náà kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn tán.

“Nazareno, mo ti tọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan,” ni màmá wí. “Ó tó mi.”

Ó ku ṣọ́ọ̀bù. Ọjà ti kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù dé àjà, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó ṣófo ni ti inú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èrò ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí Nazareno lójoojúmọ́, nínú aṣọ oorun onílà, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìpolówó.

Ìṣòro tó ga ju oorun lọ wà nílẹ̀. Ààrẹ ẹgbẹ́ fẹ́ fi ipò sílẹ̀, ìbò yóò sì wáyé ní oṣù kọkànlá. Nazareno ti ń wo àga yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ti yan ibi tí wọn yóò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, Coca sì ti sọ ọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé, “Ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ò fọkàn tán pẹ̀lú ilé yàrá méjì, àwa la fẹ́ gbé pápá, adágún ìwẹ̀ àti ilé ìdáná lé lọ́wọ́?”

Nazareno wá rí i pé kọ́kọ́rọ́ Zulema ni kọ́kọ́rọ́ àga. Fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí àwọn lọ rí olùtọ́jú ọkàn. Kò yani lẹ́nu. Ní ìlú Buenos Aires, bí o bá sọ pé o kò ní olùtọ́jú ọkàn, ńṣe ni wọ́n á ní kí o wá gbìyànjú ti àwọn. Wọ́n lọ bá Dókítà Grinberg ní àdúgbò Palermo, obìnrin kúkúrú kan tí kì í yára rẹ́rìn-ín, tó sì ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ ju ti adájọ́ lọ. Ó gbé igbá máté kan kalẹ̀ láàárín wọn.

“Òfin kan ni mo ní,” ni ó wí. “Ẹni tí igbá bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Ẹnì kejì á dákẹ́, á gbọ́.”

“Òfin tó dáa gan-an ni,” ni Nazareno wí, ó sì na ọwọ́. “Ẹ gbé e wá.”

“Zulema ló máa bẹ̀rẹ̀.”

“Mo mọ̀, Dókítà. Mo kàn fẹ́ bá a ṣàlàyé ohun tó fẹ́ sọ ni.”

Dókítà wò ó títí ọwọ́ rẹ̀ fi padà sórí itan. Zulema gbé igbá.

“Mi ò fẹ́ òdòdó,” ni ó wí. “O ti gbé òdòdó wá lẹ́ẹ̀mẹta, o jẹ́ kí gbogbo òpópónà rí i. Susana kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí jù ni ìlà búrẹ́dì yẹn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ológbò Coca pàápàá mọ̀. Èmi ni mo mọ̀ kẹ́yìn. Nazareno, mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa mọ̀ kẹ́yìn mọ́. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, jẹ́ kí n mọ̀ kí àdúgbò tó mọ̀. Ìyẹn nìkan ni mò ń bèèrè. Bí mo bá rí i, màá fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́.”

Dókítà yíjú sí Nazareno.

“Kí lẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́,” ni Nazareno dáhùn.

Igbá ṣì wà lọ́wọ́ Zulema. “Ó ku ẹnì kan tí mo fẹ́ bèèrè. Romina.”

“Romina wo?”

“Romina tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onítáyà sáré ní ẹgbẹ́. Bí o bá ti wọlé báyìí, bàtà ẹ̀ ló máa ń wò.”

“Iṣẹ́ ẹ̀ ni bàtà!” Nazareno gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà lórí ìtàgé. “Zule, gbọ́ mi. Mi ò bá obìnrin yẹn jókòó rí. Mi ò bá a mu máté rí láyé mi. Ẹ ní kí n sọ àwọ̀ ẹyinjú ẹ̀ nísinsìnyí, mi ò mọ̀ ọ́n!”

Zulema wò ó lọ́ọ́kán. “Ó dáa,” ni ó wí. “Mo gbọ́.”

Nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Zulema rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde nínú báàgì, ó gbé e lé orúnkún, ó wò ó, ó sì dá a padà. Ẹni tó mọ Zulema mọ̀ pé kò kéré. Lóòótọ́ ló fẹ́ gbà á gbọ́. Ilé yàrá méjì tóbi jù fún ẹnì kan, kò sì ní irọ́ láti pa fún ara rẹ̀ lórí ìyẹn.

Ní ti Nazareno, ó ti di olùtọ́jú ọkàn gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá wá ra ìrọ̀rí, á kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn. “Báwo ni ìwọ àti bàbá ẹ?” ni á bi í. “Irú ìrọ̀rí tó o fẹ́ yìí, mo ti rí ohun tó ń dà ẹ́ láàmú.” Ó kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní òfin igbá Dókítà Grinberg bí ẹni pé òun ló ṣe é. Bí àwọn tó ń ta ayò káàdì bá ń jà, á ti igbá sọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, á sì pariwo mọ́ ẹnì kejì pé, “Ọwọ́ ẹ̀ ló wà! Dákẹ́, gbọ́!” Láàárín oṣù méjì, gbogbo wa ti mọ òfin náà, gbogbo wa sì ń pa á mọ́, àfi òun.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ní òun ń rìn lọ sí òdìkejì ojú irin láti lọ bá ọkàn òun sọ̀rọ̀. Ó máa ń gbé fúláàsì dání, igbá máté, àti agolo kékeré kan. A rò pé ọ̀fun lè máa gbẹ ẹni tó ń bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìbò ku ọ̀sẹ̀ kan. Nazareno ní òun fẹ́ sun ẹran fún gbogbo ẹgbẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju báyìí lọ: ní ọ̀dọ̀ wa, bí ẹran bá ti jinná tí a sì jẹ ẹ́, ẹnì kan á kígbe, gbogbo ènìyàn á sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sùn ún. Inú àtẹ́wọ́ yẹn gan-an ni òun yóò ti bèèrè kọ́kọ́rọ́. Obìnrin wo ni yóò kọ̀, lójú àádọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹran rẹ̀ wà lẹ́nu wọn?

Ó tẹ Dókítà Grinberg láago láti pè é síbẹ̀.

“Èmi kì í lọ síbi àsè àwọn tí mò ń tọ́jú,” ni Dókítà wí. “Ṣé Zulema mọ̀?”

“Ìyàlẹ́nu ni, Dókítà! Òun nìkan ni ò mọ̀!”

Dókítà mí kanlẹ̀. “Nazareno, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu yín yẹn?”

“Mo gbọ́ ọ. Ó dùn, àbí?”

Ọjọ́ Àìkú pé. Ẹran jinná, kí a sọ òótọ́, egungun ìhà náà rọ̀ bí òwú. A jẹ, a lá ọwọ́. Coca ló kígbe pé, “Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sun ẹran!” A pàtẹ́wọ́. Nazareno gba àtẹ́wọ́ náà tọwọ́ tẹsẹ̀, ó gun orí àga, ó tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe.

“Ẹ̀yin ará! Nazareno tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú! Èyí tí ẹ ń wò yìí, tuntun ni, ó ṣì wà nínú ọ̀rá! Mo ti gba ìtọ́jú. Dókítà ní kò tíì rí irú mi rí.”

Òótọ́ nìyẹn, Dókítà lè sọ bẹ́ẹ̀.

“Zulema, ayé mi! Níwájú gbogbo àwọn tó nífẹ̀ẹ́ wa yìí, ṣé kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí nínú báàgì ẹ?”

Gbogbo orí yí sí Zulema. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò fẹ́ ẹ báyìí, ẹnikẹ́ni tó lójú rí i. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọra wọ inú báàgì. Coca ti ń nu omijé. Bí Nazareno bá sọ̀kalẹ̀ lórí àga ní àsìkò yẹn, tó na ọwọ́, tó sì pa ẹnu mọ́, inú ilé rẹ̀ ni ì bá sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ojú àádọ́rùn-ún ènìyàn dùn mọ́ ọn. Kò fẹ́ kí ó tètè tán.

“Ní sùúrù, ìyàwó mi!” ni ó wí. “Kó o tó fún mi, jẹ́ kí gbogbo wa jọ mu máté kan, nínú igbá kan ṣoṣo, bí ọmọ ìyá. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́.”

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó gbé fúláàsì, ó sì ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, ó ń bu omi, ó ń sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni ìpìlẹ̀ ilé. Ó bu gbígbóná fún Don Evaristo. Òtítọ́ ni mátírẹ́ẹ̀sì ìgbéyàwó. Ó bu kíkún fún Coca. Ó bu kíkorò fún Zulema, Zulema mu ún, ó dá igbá padà láìsọ̀rọ̀. Ní ìparí bẹ́ǹṣì ni Romina jókòó sí, ó ń wo bàtà rẹ̀.

“Ọkùnrin tó bá ti rí òtítọ́,” ni Nazareno ń wí, ojú rẹ̀ wà ní ọ̀run, “kò ní ohun tó ń fi pamọ́ mọ́!”

Ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ṣí agolo kékeré náà. Ó da ṣúgà síbi méjì sínú igbá. Ó mú èèpo ọsàn gbígbẹ kan, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ igbá. Ó kọ́kọ́ da omi sínú ìdérí fúláàsì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè tutù, kí ó tó dà á sórí ewé. Ó gbé e fún Romina. Romina gbà á, ó mu ún. Ó ti fà á dé ìdajì kí ojú rẹ̀ tó yí padà.

Zulema dìde. Ó rìn gba àárín gbàgede kọjá, ó gba igbá lọ́wọ́ Romina, ó gbé e sí imú.

“Ọsàn,” ni ó wí.

“Zule, jẹ́ kí n ṣàlàyé…”

“Ọwọ́ mi ló wà.”

“Ọwọ́ ẹ̀ ló wà!” ni gbogbo wa kígbe, a kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu wa. Ó kọ́ wa dáadáa. Nazareno panu mọ́.

“Coca, ta ló ń mu ṣúgà ní ẹgbẹ́ yìí?”

“Kò sí! Wọ́n á lé e jáde!”

“Romina, ṣé o sọ fún un pé ṣúgà lo fẹ́?”

“Rárá, mà.”

“O ní kó fi ọsàn sí i?”

“Rárá.”

“O ní kó jẹ́ kó tutù?”

Romina gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. “Eyín mi ló ń…” ni ó wí.

Zulema yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. “O ní o ò bá a mu máté rí láyé ẹ. O tún ní orí lè gbàgbé, pé ọwọ́ ẹ kì í gbàgbé. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ kan tí mo lè gbà gbọ́ lẹ́nu ẹ láti oṣù karùn-ún. Mo ti rí i.”

Nazareno la ẹnu.

“Ọwọ́ ẹ̀ ló wà!”

Ó pa á dé. Zulema na igbá sí Romina. “Gbà. Ìwọ náà sọ̀rọ̀.”

Romina gbá igbá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ní ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń sùn nínú fèrèsé. Ó ní iṣẹ́ ni, pé òun ń bá ilé iṣẹ́ kan ní Ítálì dán mátírẹ́ẹ̀sì wò.”

“Láti oṣù karùn-ún?” ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. “Ẹyọ kan ṣoṣo?”

“Kí ló kọ sínú ìròyìn ẹ̀? Pé èèyàn ń hanrun lórí ẹ̀?”

Ẹ̀rín bú jáde, ó gba gbogbo gbàgede. Nazareno ṣì wà lórí ìdúró pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́ kan àti agolo lọ́wọ́ kejì, aró irun ti ń bá òógùn sọ̀kalẹ̀ sí etí rẹ̀. Zulema gba igbá padà, ó dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀.

“Ohun kan péré ni mo bèèrè,” ni ó wí. “Pé kí n má jẹ́ ẹni tó máa mọ̀ kẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí yìí, lónìí, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀.” Ó mu ìyókù tó wà nínú igbá, ó fajú ro nítorí ṣúgà, ó sì gbé e lé Nazareno lọ́wọ́.

“O ṣé,” ni ó wí.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó pa báàgì rẹ̀ dé, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀.

Don Evaristo, tí kò gbọ́ ohunkóhun láti ìgbà tí ó ti jẹ ẹran rẹ̀ tán, rí Nazareno tó dúró láàárín, ó rò pé a ti gbàgbé ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà. Ó dìde lórí ọ̀pá rẹ̀. “Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sun ẹran!”

A pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ kí a tó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n Zulema ni a kọjú sí.

Nígbà tí wọ́n dìbò ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìbò méjì ni Nazareno ní: tirẹ̀, àti ti Don Evaristo tó rò pé ẹran ni a ń dìbò fún. Ọ̀pọ̀ kọ orúkọ Zulema sínú ìwé ìbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dupò.

Zulema ni ààrẹ ẹgbẹ́ wa báyìí. Romina ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti ń gbé orí sókè. Zulema ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà Grinberg ní gbogbo Ọjọ́rú, òun nìkan. Coca ló ń bu omi máté, kíkorò ni. Nazareno ṣì ń sùn nínú fèrèsé. Ó ti ra aṣọ ìkélé, ṣùgbọ́n ó kúrú díẹ̀, àwọn èrò ọkọ̀ aago mẹ́fà ṣì ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀.